Iṣu Tuntun ní Ilé Ìdáná Àwọn Ọmọ Ọba

Kúkù ni mí. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo ti dáná, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí ó wà lẹ́yìn ìlú Adó-Èkìtì, níbi tí àwọn ọmọ ti ń sùn tí wọ́n sì ń jí. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, n kò sì ní dárúkọ ìlú ọba tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò jẹ yọ nínú ìtàn yìí, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà láàyè. Olùkọ́ wa ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mo ń lọ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni ó ní kí n kọ ọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́. Mo ti gbìyànjú láti to ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ibi tí ó bá ti dàrú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé mo gbàgbé. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti dàrú mọ́ mi lójú nígbà náà, kò sì tíì tò títí di òní.

Ìgèdè-Èkìtì ni a bí mi sí, àgbẹ̀ sì ni bàbá mi. Nígbà tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀nà láti tẹ̀ síwájú, ni àbúrò bàbá mi kan tí ń gé koríko ní ilé ẹ̀kọ́ náà bá mú mi lọ sí ilé ìdáná wọn. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò ní ìtàn nínú. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n ní kí n gbé ìkòkò kan, mo gbé e. Owó oṣù náà kéré, ṣùgbọ́n oúnjẹ wà. Ohun tí ó nira ni ẹ̀sín. Bí mo bá lọ sílé, láti òkèèrè ni àwọn ẹgbẹ́ mi yóò ti máa kí mi.

"Táyọ̀, ẹ kú ọbẹ̀ o! Ṣé ọkọ yín wà ńlé?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ó ń kánjú lọ pọn ọmọ ni!"

Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi kì í dùn.

Ọ̀gá ilé ìdáná nígbà náà ni obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìjàn, nítorí pé Ìjàn-Èkìtì ni ó ti wá. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ fi ń bà wá. Èdè ìlú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ rárá: "uṣẹ́" ni ó máa ń pe iṣẹ́, "usu" ni ó sì máa ń pe iṣu. Ní ọjọ́ kìíní, ó dá mi dúró níwájú ààrò.

"Ta ló ní kí o wá?"

"Àbúrò bàbá mi ni, mà."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

Mo ń wo ìkòkò dúdú kan tí ó wà nílẹ̀.

"Ó dáa. Lọ fọ ìkòkò yẹn ná."

Ìkòkò ni mo fọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó gbà mí láyè láti la igi, igi ni mo sì là kí ó tó gbà mí láyè láti fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ iṣu, bí èèpo tí mo gé bá nípọn, kì í bá mi jà. Yóò ṣa àwọn èèpo náà jọ, yóò fi omi àti iyọ̀ sè wọ́n, yóò sì gbé wọn síwájú mi ní ọ̀sán.

"Usu tí o kò fẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ rè é," ni yóò wí. "Ìwọ jẹ ẹ́."

Mo jẹ èèpo iṣu títí ọwọ́ mi fi mọ bí a ti ń bẹ ẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe kọ́ wa pé ẹni tí ó bá fi iyọ̀ sínú ìkòkò gbọ́dọ̀ ké e síta kí gbogbo ilé ìdáná gbọ́, kí ẹlòmíràn má baà tún fi kún un. Ó kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi ẹnu kan ṣíbí tí a fi ń ro ọbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni a ń da ọbẹ̀ sí láti tọ́ ọ wò. Nígbà kan, Àǹtí Ràbí, ọmọ Adó tí ó jẹ́ igbá kejì rẹ̀, bi í pé kí ló dé tí ó fi le tó bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, ọmọ ilé ìwé ni wọ́n. Òkúta gan-an, tí a bá sè é, wọn á jẹ ẹ́."

"Ìdí nìyẹn," ni Ìyá Ìjàn dáhùn. "Wọn á jẹ ẹ́. Ìyá wọn kò sì sí nítòsí."

Èyí ni ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń wá iṣẹ́ tí a lè mọ̀ láàárín oṣù díẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ yẹra fún ilé ìdáná.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé irú àwọn ọmọ tí a ń se oúnjẹ fún. Ní Èkìtì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú tí kò ní ọba tirẹ̀, nítorí náà ọmọ ọba kò wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Àwọn ọba fẹ́ràn ilé ẹ̀kọ́ náà nítorí pé pírínsípà kì í ṣe ojúsàájú. Wọ́n máa ń sọ fún un pé ní ààfin, àwọn ìjòyè ń tẹrí ba fún ọmọ náà, àwọn olorì ń gbé oúnjẹ fún un, kò mọ bí a ti ń tẹ́ ibùsùn. Wọ́n fẹ́ kí ó mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé. Nítorí náà, ọmọ ọba máa ń pọn omi, ó máa ń gbá ilẹ̀, ó sì máa ń fọ àwo ní ẹ̀yìn ilé ìdáná wa. Ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti tò yí i ká, tí wọn yóò máa kí i.

"Kábíyèsí o! Kí adé pẹ́ lórí!"

"Kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀!"

"Kí ọṣẹ pẹ́ lọ́wọ́ o!"

Àwa náà a máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò yé mi. Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, àwọn ará ààfin kan náà yóò wá, wọn yóò sì kúnlẹ̀ kí ọmọ tí ó fọ àwo ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọn yóò tún wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti dọ́gbẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọmọ náà yóò padà sí ìdí omi. N kò mọ èyí tí ó yẹ kí ó gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì. N kò sì rò pé àwọn tí ó rán an wá mọ̀ ọ́n.

Ọba kan wà nínú wọn tí ó yàtọ̀. Olùkọ́ ni kí ó tó gorí oyè, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé pẹ̀lú adé rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Adéṣọlá, wá fún wa, ó bá gbogbo ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn. Mo wà níbẹ̀ nítorí pé èmi ni mo gbé omi fún àwọn àlejò. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún òun pé ọmọ òun ní èèwọ̀. Ó ní òun ti kó gbogbo ìyẹn dànù ní ààfin òun, àti pé ohun tí gbogbo ọmọ bá jẹ ni kí Adéṣọlá jẹ. Àwọn olùkọ́ pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìjàn kò pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó kàn bi mí bóyá mo ti kó àwọn ife náà dé.

Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Adéṣọlá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Gbádébọ̀, tí ó wá láti ìlú kan náà. Èyí ya àwọn olùkọ́ lẹ́nu, nítorí pé ọmọ ilé ọlọ́ba kejì ni Gbádébọ̀. Ilé méjì ni ó ń jọba ní ìlú wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá Gbádébọ̀ ni ó bá bàbá Adéṣọlá du oyè, tí kò sì rí i gbà. Àwọn àgbà ilé méjèèjì kì í kí ara wọn. Àwọn ọmọ náà, ní tiwọn, orí ibùsùn alájà méjì kan náà ni wọ́n ń sùn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ní tẹ́ẹ̀mù kẹta, ní àkókò òjò, iṣu tuntun máa ń dé láti oko Ìjàn, iṣu àtijọ́ a sì tán pátápátá ní ọwọ́ wa. Ojú fèrèsé tí a ti ń pín oúnjẹ ni mo máa ń dúró sí nígbà náà. Láti ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé láti ọjọ́ tí iṣu tuntun ti wọ ilé ìdáná, Adéṣọlá kì í jẹ ẹ́. Yóò gba àwo rẹ̀ bíi ti gbogbo ènìyàn, yóò jókòó, yóò sì rọra tì í sí iwájú Gbádébọ̀. Bí a bá jẹun tán, yóò lọ rẹ gáàrì ní dọ́mítírì. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan.

"Adéṣọlá, ṣé inú ń run ọ́ ni?"

"Rárá, sà. Mo ti yó ni."

"Kí ló mú ọ yó?"

Gbádébọ̀ ni ó dá mi lóhùn, iṣu sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Bùrọ̀dá Táyọ̀, ẹ má dá a lóhùn o. Ebi ò kí ń pa ọmọ ọba. Àwa ará oko ni ebi ń pa."

"Ará oko wo? Ìwọ náà kì í ṣe ọmọ ọba?"

"Tèmi ò tíì kàn, sà!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ọba àti ará ilé rẹ̀ kì í jẹ iṣu tuntun kí wọ́n tó ṣe ọdún rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ ní gbọ̀ngàn, mo sì rò pé kò lè jẹ́ ìyẹn. Mo fi í sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a gún iyán, a sì se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹja. Gbogbo wa ni a jọ sè é. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè tó mọ́ tán, àwọn ọmọ ti ń bì, wọ́n ti ń yàgbẹ́ gbuuru, àwọn kan kò lè dìde. Ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wa àti ilé ìwòsàn ní Adó. N kò fẹ́ rántí ariwo àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyá Ìjàn dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo ọmọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá. Ara ọ̀pọ̀ wọn yá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ti Gbádébọ̀ ni kò yá. Ó dákú, wọ́n sì so omi mọ́ ọn lára. Dókítà kò fẹ́ sọ bóyá yóò yè é.

Àwọn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ẹni tí kò ṣàìsàn. Nínú dọ́mítírì àwọn méjèèjì, Adéṣọlá nìkan ni. Wọ́n tún béèrè bí Gbádébọ̀ ṣe jẹun, àwọn ọmọ sì sọ òtítọ́ tí wọ́n rí: Adéṣọlá ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo rẹ̀ fún un, kò sì tọ́ ọ wò. Wọ́n pe Adéṣọlá. Wọ́n ní kí ló dé tí kò jẹun. Pírínsípà bẹ̀ ẹ́, ó dẹ́rù bà á, ọmọ náà kò lanu. Àwọn ará ilé Gbádébọ̀ ti dé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì ń sọ ní gbangba pé ọmọ ọba ti fún ọmọ àwọn ní májèlé kí oyè má baà kan ilé àwọn láéláé. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà dúró sí gẹ́ètì. Pírínsípà ní bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ṣú láìsí àlàyé, òun yóò lé ọmọ náà, òun yóò sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Mo lọ bá Ìyá Ìjàn níbi tí ó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá, ọmọ yẹn kò mọ nǹkan kan. Láti ìgbà tí iṣu tuntun ti dé ni kì í ti í jẹ ẹ́. Ojú mi ló ṣe."

Kò gbé orí sókè. "Ta ni o ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan, mà."

"Bí kì í bá í ṣe ọmọ náà, kí ló kù?"

Mo ronú sí i. "Àwa ni, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ó wí. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Kábíyèsí fúnra rẹ̀ dé. Bí ẹ ti mọ̀, ọba kì í jẹun ní gbangba, nítorí náà a máa ń gbé oúnjẹ irú àlejò bẹ́ẹ̀ lọ sí pálọ̀ pírínsípà. Pírínsípà ní kí a má ṣe se nǹkan kan lọ́jọ́ náà, kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀ sí i. Ìyá Ìjàn kọ̀.

"Bí a kò bá gbé oúnjẹ fún un, a ti gbà pé májèlé ni à ń sè," ni ó wí. Ó se iṣu tuntun, ó dín ẹyin, ó jẹ nínú rẹ̀ lójú pírínsípà, ó sì bò ó. Àǹtí Ràbí ti na ọwọ́ láti gbé e, nítorí pé òun ni ó máa ń gbé oúnjẹ àwọn ọba. Ìyá Ìjàn mú àwo náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Táyọ̀ ni kó gbé e lọ."

Mo gbé e lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé e kalẹ̀, mo sì jáde lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó pè mí kí n wá kó àwo, òun nìkan ni ó wà nínú pálọ̀. Ó ti jẹ ẹyin tán. Iṣu wà níbẹ̀ bí mo ṣe gbé e dé, àyàfi ègé kan tí ó ti bù tí kò sì gbé dé ẹnu.

"Kí ni o rí?" ni ó bi mí.

"Kábíyèsí, mo rí i pé ẹ ti jẹ ẹyin."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọdọọdún ni mo ń gbìyànjú láti jẹ ẹ́ kí ọdún ẹ̀ tó pé. Ọwọ́ mi á gbé e, ọ̀fun mi ni kì í gbà á." Lẹ́yìn náà ni ó dẹ́kun ẹ̀rín. "Ìwọ ni o ń pín oúnjẹ fún wọn?"

"Èmi ni, Kábíyèsí."

"Ṣé ọmọ mi ń jẹun níbẹ̀?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ro ó wò. Bí mo bá ní ó ń jẹun, a jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé yẹn nìkan ni kò jẹ, a sì jẹ́ pé ó mọ nǹkan. Bí mo bá ní kì í jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ májèlé ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ti padà sí ilé ìdáná, sí orí ẹni tí ó kọ́ mi níṣẹ́. N kò mọ̀ bóyá mo ti pinnu kí n tó lanu.

"Kábíyèsí, láti ìgbà tí iṣu tuntun ti wọlé, kì í jẹ ẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń gbé e fún."

"Kì í jẹ ẹ́?" Ó dìde. "Ta ló sọ fún un pé kó má jẹ ẹ́?"

"N kò mọ̀, Kábíyèsí."

Ó wo iṣu tí ó wà nínú àwo. Ó ní kí n gbé e lọ, kí n sì fi aṣọ bò ó dáadáa.

Nígbà tí wọ́n pé jọ sí gbọ̀ngàn, èmi ni mo tún gbé omi wọlé. Ẹ̀gbọ́n bàbá Gbádébọ̀ kò jókòó. Ó nawọ́ sí Adéṣọlá.

"Ẹni tó gbé oúnjẹ fún ẹlòmíì, tó wá jókòó tó ń wò ó, kí ló mọ̀ tí àwa ò mọ̀? Kó sọ ọ́. Kó sọ ọ́ lójú bàbá rẹ̀!"

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Kábíyèsí dìde.

"Èmi ni mo ní kó má jẹ ẹ́," ni ó wí. "A ò tíì ṣe ọdún iṣu nílùú wa. Èmi tí mo wà lórí oyè, èmi náà ò tíì jẹ ẹ́. Mo dúró síbí lọ́jọ́ kan, mo sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ, ẹ bínú sí mi, ẹ fi ọmọ sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n bàbá Gbádébọ̀ kò mọ ibi tí yóò wò. Òun náà jẹ́ ọmọ ọba, kò sì lè sọ pé kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. "Kábíyèsí, ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa ń ka Bíbélì fún wa ní ọjọ́ ìkórè?"

"Èmi náà ni."

"Ẹ̀yin náà sì ni...?"

"Èmi náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ń wo Adéṣọlá. Ó ti gbé ojú sókè, ó ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Wọn kò lé ọmọ náà mọ́. Àwọn tí ó dúró sí gẹ́ètì tú ká, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, Gbádébọ̀ la ojú ní ilé ìwòsàn, ó sì béèrè oúnjẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé náà gan-an, kí Kábíyèsí tó lọ, Adéṣọlá ti wá bá mi ní ìdí ibi tí a ti ń fọ àwo.

"Bùrọ̀dá, Kábíyèsí ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí o. Ìyá àgbà ni. Wọ́n ní tí mo bá jẹ ẹ́ kí ọdún tó pé, ìlú ò ní tòrò. Wọ́n wá ní kí n má jẹ́ kí bàbá mi gbọ́, pé Kábíyèsí ò fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ìdí tí o kò fi sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

"Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ ní gbọ̀ngàn, irọ́ ni." Ó mú àwo kan, ó ń fọ̀ ọ́. "Bùrọ̀dá, èyí tí bàbá mi sọ lónìí ńkọ́? Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?"

Bàbá ń fi pa mọ́ fún ọmọ, ọmọ ń fi pa mọ́ fún bàbá, ohun kan náà sì ni àwọn méjèèjì kò jẹ. Mo ní kí ó lọ kí bàbá rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Àwa ni ó kù. Wọ́n gbé omi wa lọ yẹ̀ wò, wọ́n gbé epo àti ẹja lọ, èsì kan kò padà dé ọ̀dọ̀ wa. Títí di òní, n kò mọ ohun tí ó wà nínú oúnjẹ ọjọ́ yẹn. Mo ti ro ó láti orí omi dé orí ìkòkò. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bi wá pé ta ni ó se ọbẹ̀ náà, kí èmi tàbí Ràbí tó lanu, Ìyá Ìjàn ti dáhùn.

"Èmi ni."

Ràbí ní, "Rárá o, gbogbo wa la jọ..."

"Mo ní èmi ni, Ràbíátù. Ṣé o fẹ́ bá mi du ọbẹ̀ ni?"

Wọ́n ní kí ó máa lọ sinmi. Ó di ẹrù rẹ̀, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wọ ọkọ̀ Ìjàn. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, Ràbí lọ bá ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́ tuntun, bí mo sì ṣe di ọ̀gá ilé ìdáná nìyẹn. Ẹ má kí mi kú oríire.

Ní ọdún kejì, kí iṣu tuntun tó dé, ọkọ̀ ńlá kan já iṣu àtijọ́ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná wa. Kábíyèsí ni ó fi ránṣẹ́, ó ní kí a fi bọ́ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ títí tẹ́ẹ̀mù yóò fi parí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe títí Adéṣọlá fi jáde. Mo sè é, àwọn ọmọ sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ fún yín bóyá ó ń ṣe é kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ bíi ti gbogbo ènìyàn ni, àbí kí gbogbo ènìyàn lè jẹ bíi ti ọmọ rẹ̀.

Ní ti irinṣẹ́, ohun gbogbo yí padà lójú mi. Igi ni a fi bẹ̀rẹ̀, èéfín sì ni ó fọ́ ojú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣáájú wa. Gáàsì dé. Fún ìgbà pípẹ́ ni mo fi ń bẹ̀rù rẹ̀, nítorí pé iná igi a máa kìlọ̀ fún ènìyàn kí ó tó jó o, ti gáàsì kì í kìlọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń gún iyán. Àwọn ọmọ ní iyán rẹ̀ kò fà bíi ti odó, wọ́n sì jàre, ṣùgbọ́n èjìká mi sinmi. Àwọn ọmọ ọba tí ó ń wá báyìí ń mú fóònù wá, wọ́n ń fi pamọ́ sínú àpò gáàrì. Wọ́n ṣì ń fọ àwo. Àwọn ará ààfin ṣì ń wá kúnlẹ̀ fún wọn. Èyí kò yí padà.

Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ, èmi yóò ní kí ẹ kọ́ ọ. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ bá sè yóò wọ inú ọmọ ẹlòmíràn, àti pé ọjọ́ kan lè dé tí wọn yóò bi yín léèrè nípa rẹ̀ níwájú àwọn àgbà, tí gbogbo èsì tí ẹ ní yóò sì pa ẹnì kan lára.

Ó pẹ́ kí n tó lọ kí Ìyá Ìjàn, nítorí ojú ń tì mí, bí n kò tilẹ̀ mọ ohun tí ó ń tì mí fún. Ó ti darúgbó nígbà tí mo lọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dáná. Ó bi mí nípa ilé ìdáná, ó bi mí nípa Ràbí. Ó béèrè ọmọ ọba náà, mo ní ó ti parí yunifásítì, pé òun àti Gbádébọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Adó. Ó mi orí díẹ̀. Ó gbé oúnjẹ síwájú mi. N kò lè fọwọ́ kàn án kí n tó béèrè ọ̀rọ̀ tí mo bá wá.

"Ìyá, mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ọmọ náà kì í jẹ ẹ́. Ẹ mọ̀ pé bí ọba bá bi mí, mo lè sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ náà sì padà sórí yín. Ràbí wà níbẹ̀, òun ni ó máa ń gbé oúnjẹ wọn lọ. Kí ló dé tí ẹ fi ní kí èmi gbé e?"

Mo rò pé yóò bínú. Mo tún rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, ó ṣí ìdérí ọbẹ̀ náà fún mi.

"Jẹun, Táyọ̀," ni ó wí. "Ó ń tutù."

Mo bu òkèlè. Ó jókòó tì mí, ó ń wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.